Bí Ayélujára Ṣe Yí Iṣẹ́ Alukoro Ilé Iṣẹ́ Ńlá Padà

Ìtàn bí ayélujára ṣe wọ iṣẹ́ alukoro ilé iṣẹ́ ńlá fọ́n káàkiri, àwọn tó ń sọ ọ́ kò sì fẹnu kò. Ẹnìkan á ní ọ̀rọ̀ Shell àti Brent Spar lọ́dún 1995 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn á ní McDonald's ni. Mo kó o jọ síhìn-ín kí a lè mọ èyí tí ayélujára ṣe ní tòótọ́, ká sì mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ṣáájú ìgbà náà, alukoro á kọ̀wé sí oníròyìn, ohun tí oníròyìn bá sì gbé jáde ni aráàlú á mọ̀.

Ọ̀dọ̀ Intel ni mo gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ìṣirò ní Lynchburg College ní Virginia, rí i pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń lo Pentium, ẹ̀rọ ìṣirò inú kọ̀ǹpútà tí Intel ṣe, ń ṣi ìṣirò ṣe. Bí èèyàn bá ní kó fi 3,145,727 pín 4,195,835, ìdáhùn tó yẹ ni 1.33382, ṣùgbọ́n 1.33374 ni Pentium ń gbé jáde. Intel ti mọ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, kò sì sọ fún oníbàárà. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹwàá, Nicely fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dé Usenet, níbi tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń fọ̀rọ̀ wérọ̀, ni ọ̀rọ̀ bá di bó ò lọ o yà fún mi.

Èsì tí Intel fọ̀ ló dá kún un. Wọ́n ní ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò lè ṣe kòńgẹ́ àṣìṣe náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún 27,000, àti pé ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun nílò rẹ̀. Andy Grove tó jẹ́ ọ̀gá àgbà tọrọ àforíjì lórí Usenet, ṣùgbọ́n kò yí òfin yẹn padà, inú sì túbọ̀ ń bí àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá, IBM dáwọ́ dúró láti máa kó kọ̀ǹpútà tó ní Pentium náà jáde. Nígbà tó di ọjọ́ 20, Intel gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Mílíọ̀nù 475 dọ́là ló bá a lọ. Àwọn oníbàárà tí kò mọra rí ti fi ìṣirò kan náà dán kọ̀ǹpútà wọn wò kí alukoro tó mọ ohun tó máa sọ. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ní ti Brent Spar, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Shell fẹ́ ri àgbá ńlá tí wọ́n ń tọ́jú epo rọ̀bì sí lójú òkun sínú Àtìláńtíìkì. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹrin 1995, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Greenpeace tó ń jà fún àyíká gun orí rẹ̀, àwọn ará Jámánì sì ń yẹra fún ilé epo Shell. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà, Shell juwọ́ sílẹ̀. Àwòrán tí Greenpeace fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí ìwọ̀nba ilé ni ayélujára tíì dé nígbà náà. Ohun tó tẹ̀lé e ló kan ayélujára. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ìjọba ológun Abacha ní Nàìjíríà so Ken Saro-Wiwa, tó ń ta ko Shell nítorí ilẹ̀ Ogoni, àti àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní Port Harcourt, ojú gbogbo ayé sì yí sí Shell. Lọ́dún 1998, Shell gbé ìròyìn jáde lórí èrè àti ìwà ọmọlúàbí, ó sì ṣí àyè tó pè ní Tell Shell lórí ìkànnì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè kọ ẹ̀hónú síbẹ̀ kí gbogbo ayé sì kà á. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn tí UNEP, àjọ tó ń rí sí àyíká fún Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, gbé jáde lórí Ogoni lọ́dún 2011 wà lórí ayélujára pẹ̀lú: omi kànga tí wọ́n ń mu ní Nisisioken Ogale ní benzene tó ju ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé là sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ojúṣe sí àwùjọ túmọ̀ sí, kó ka àwọn ìwé méjèèjì pọ̀.

Bóyá McSpotlight, ìkànnì tí wọ́n ṣí lòdì sí McDonald's ní oṣù Kejì 1996, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tàbí kì í ṣe òun, kò tó ohun tí à ń jà lé lórí. Ìwé pélébé tó bu ẹnu àtẹ́ lu McDonald's, tí ilé iṣẹ́ náà torí rẹ̀ gbé àwọn ajìjàgbara méjì, Helen Steel àti Dave Morris, lọ sílé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè kà á.

Ní oṣù Kẹta 2010, Greenpeace gbé fídíò kan jáde nípa Kit Kat, ṣokoléètì Nestlé, àti igbó tí wọ́n ń pa run nítorí epo pupa ní Indonéṣíà. Nestlé ní kí YouTube yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó rí i ń pọ̀ sí i. Àwọn tó ń bójú tó ojú ewé Nestlé lórí Facebook tún ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí oníbàárà. Ní oṣù Karùn-ún, Nestlé ṣèlérí pé òun kò ní ra epo tó ti inú ìpagbórun wá mọ́.

Láti ìgbà náà, Twitter àti WhatsApp ti mú kí gbogbo rẹ̀ yá sí i. Ní Nàìjíríà lọ́dún 2023, obìnrin kan kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà pọ̀ jù nínú tòmátò ilé iṣẹ́ kan. Ọlọ́pàá mú un, àwọn èèyàn sì ń pe ara wọn lórí ayélujára pé kí wọ́n má ra tòmátò náà mọ́.