Ọ̀sà, Ojúde Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́ lónìí, ọ̀nà ọlọ́dà ló ń gbà wọlé, ìbáà jẹ́ láti Kútọnu tàbí láti ẹnubodè Nàìjíríà. Ọ̀sà wá dà bí ẹ̀yìnkùlé ìlú: a ń wò ó láti orí afárá, a sì ń kọjá lọ. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ọdún pípẹ́, ọ̀sà yìí gan-an ni ojúde Àjàṣẹ́.

Ìrìn-àjò ọjọ́ kan ló mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rẹ́ mi kan fi ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbé mi ṣe afẹ́. Ní òwúrọ̀ kùtù, a kúrò ní etí omi, a kọrí sí ìlà-oòrùn, ọ̀nà Àgbádárìgì. Bí a bá ti súnmọ́ àwọn apẹja, ọ̀rẹ́ mi a dín eré kù, kí omi má baà rú wọ inú ọkọ̀ wọn. Omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ ni ìdí tí àwọn baba wa fi yan ọ̀sà ti yé mi.

Ìgbì òkun etí ilẹ̀ wa le, kò sì rọrùn fún ọkọ̀ láti gúnlẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo pupa àti èkùrọ́ láti ìhà Odò Ouémé ń gba Àjàṣẹ́ kọjá, wọ́n sì ń bá ojú ọ̀sà lọ sí Èkó. Aṣọ, iyọ̀ àti ọtí ń gba ọ̀nà kan náà bọ̀. Ènìyàn náà ń bọ̀. Àwọn Agudà tó ti Brazil padà dé, tí wọ́n so Èkó àti Àjàṣẹ́ pọ̀, wà lára wọn. Ẹni tó bá wo ojú Mọ́sálásí Ńlá wa, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, yóò rí ipa ọwọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ojúde tó ń gba àlejò, òun náà ni ọ̀tá ń gbà wọlé. Ní 1861, ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ọkọ̀ ogun wọn gba ojú ọ̀sà wá yìnbọn lu Àjàṣẹ́. Ọba Sodji wá ààbò lọ sọ́dọ̀ àwọn Faransé, wọ́n sì ṣe àdéhùn ní 1863. Àdéhùn náà kò pẹ́ tó fi já. Ọmọ rẹ̀, Ọba Toffa, tó jọba láti 1874 sí 1908, ló sọ ọ́ dọ̀tun ní 1883. Bí ìdajì ìwé ìròyìn wa yìí ṣe jẹ́ èdè Faransé lónìí, ojú omi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ló sọ ojúde di ẹ̀yìnkùlé. Àkọ́kọ́ ni Kútọnu: ní 1885, àwọn Faransé la ilẹ̀ tó wà láàárín adágún Nokoué àti òkun, láìpẹ́ wọ́n kọ́ èbúté onírin síbẹ̀, òwò sì yí ojú sí ìwọ̀-oòrùn. Èkejì ni ààlà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, ní Paris, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ìlà tó gba odò Àjàrá kọjá pín ilẹ̀ wa. Ìpókíá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ọ̀nà kan ṣoṣo wá di ti ìjọba méjì.

A yí ọkọ̀ padà kí a tó dé ààlà náà, nítorí a kò mú ìwé ìrìnnà lọ́wọ́. Mo wo iwájú: omi kan náà ni, esùsú kan náà. Apẹja kan tó ń ti ìhà ọ̀hún bọ̀ kí wa ní èdè Ègùn, a sì jẹ́ ẹ.

Bí a ti ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìlú kọjú sí wa láti òkè rẹ̀, bí ó ti máa ń kọjú sí àwọn oníṣòwò àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò tíì rí Àjàṣẹ́ láti ibẹ̀ rí. Mo ti pinnu: bí a bá tún dé orí àdéhùn 1863, n kò ní kọ ọ́ sójú pátákó nìkan. Etí ọ̀sà ni n ó kó wọn lọ.