Àwọn Orí Idẹ Ifẹ̀: Ilé Ni Àbọ̀ Ìsinmi Oko

Ní ọdún 1938, àwọn tí ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ilé-Ifẹ̀, kan orí ènìyàn tí a fi idẹ àti bàbà rọ. Wọ́n lé ní mẹ́wàá. Ìda ni a kọ́kọ́ fi mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi amọ̀ bò ó, a yọ́ ìda náà dànù, a sì da irin gbígbóná sí ipò rẹ̀. Iṣẹ́ náà ti lé ní 500 ọdún.

Ẹ̀rí ńlá ni èyí jẹ́. Nígbà tí Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1910, ó kéde pé àṣẹ́kù Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni. Ọmọ Ifẹ̀ tí orí wọ̀nyí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò pàdánù ohun ọ̀ṣọ́ nìkan; ohun tí yóò fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn ti lọ.

Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Olóòtú ìwé ìròyìn Daily Times ra ọ̀kan, èyí tí ó dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ra méjì. Ní 1950 ni ó dá méjèèjì padà fún Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Ní 1954, a ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ẹ̀gbẹ́ ààfin.

Ṣé àbọ̀ ilé pé bẹ́ẹ̀? Ní àwọn igbó orò kan ní Ifẹ̀, a máa ń wú orí amọ̀ jáde nígbà ọdún, a ó bọ ọ́, a ó sì tún un sin. Ohun tí ó wà nínú gíláàsì kò mọ ọjọ́ ọdún mọ́. Síbẹ̀, gíláàsì náà jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé fi ojú kan ohun tí àwọn àwòrò nìkan ń rí tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí olùkọ́ tí ó kó ọmọ lọ wò ó pe àgbà ìdílé mọ́ra, kí ó sọ orúkọ àti ìlò rẹ̀. Bí orí bá dé ilé tí ìtàn rẹ̀ kò dé, àlejò ni orí náà ṣì jẹ́.