Mọ́ọ̀tì Inú Agolo: Bí Òfin Ṣe Gbé Ìpọntí Wọ Ilé ìdáná

Kí ọkà báálì tó lè di bíà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di mọ́ọ̀tì, èyí tí í ṣe ọkà tí a rẹ sínú omi títí ó fi hù, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti ń ṣe sí àgbàdo, tí a sì fi ooru gbẹ kí èéhù rẹ̀ má baà dàgbà jù. Lẹ́yìn náà ni a ó rún un, tí a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi tí ó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 65 ti Celsius, kí àwọn èròjà tí híhù ọkà mú jáde lè sọ sítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti le jù, nítorí pé bí omi bá gbóná kọjá ààlà, àwọn èròjà náà yóò bàjẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ́ọ̀tì gba wàhálà yìí lọ́wọ́ onílé: wọ́n fa omi dídùn inú ọkà jáde, wọ́n fa omi gbẹ lára rẹ̀ títí ó fi ki, wọ́n sì rọ ọ́ sínú agolo.

Òfin ni ó sọ mọ́ọ̀tì kíki yìí di ohun òkìkí, kì í ṣe adùn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de ọtí ní oṣù Kìíní ọdún 1920, àwọn ilé iṣẹ́ ọtí bíi Anheuser-Busch àti Pabst yíjú sí títa mọ́ọ̀tì kíki, èyí tí wọ́n ń polówó fún ṣíṣe búrẹ́dì àti bisikíìtì, tí òfin kò sì lè dí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú agolo wọ̀nyí ni a ti fi hops sí, ìyẹn òdòdó tí ń fún bíà ní ìkorò rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń fi ìkorò ṣe búrẹ́dì. Àwọn onílé a máa po ohun inú agolo náà mọ́ omi àti ṣúgà, wọn a da ìwúkàrà búrẹ́dì sí i, wọn a sì rọ ọ́ sínú ìgò kí ìwúkàrà náà tó jẹ ṣúgà rẹ̀ tán, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a sì máa fọ́ ìgò nígbà mìíràn.

Nígbà tí wọ́n fagi lé òfin náà ní ọdún 1933, wọ́n yọ̀ǹda kí onílé ṣe wáìnì, ṣùgbọ́n wọn kò yọ̀ǹda bíà. Ó di oṣù Kẹwàá ọdún 1978 kí Ààrẹ Jimmy Carter tó fọwọ́ sí òfin tí ó gba àgbàlagbà kan láàyè láti pọn 100 gálọ́ọ̀nù lọ́dún láìsan owó orí, tàbí 200 fún ilé tí àgbàlagbà méjì wà. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ Alabama àti Mississippi kò gbà á wọlé títí di ọdún 2013.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó orí ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1880, Gladstone, olórí ìjọba, mú owó orí kúrò lórí mọ́ọ̀tì, ó sì gbé e lé bíà fúnra rẹ̀, èyí tí ó mú kí ẹni tí ń pọn ọtí nílé nílò ìwé àṣẹ. Reginald Maudling, mínísítà ìṣúná, ni ó fagi lé ìwé àṣẹ náà ní ọdún 1963, níwọ̀n bí a kò bá ti ní tà á. Lẹ́yìn èyí ni agolo gbòde, débi pé ní àwọn ọdún 1970, ilé ìtajà oògùn Boots ń tà á pẹ̀lú ìwúkàrà àti ìwé ìtọ́sọ́nà, kí a lè pọn nǹkan bí 23 lítà.

Orúkọ burúkú ni bíà tí a fi agolo yìí pọn ní, ẹ̀bi náà sì bọ́ sórí agolo láìtọ́. Ìwé ìtọ́sọ́nà a máa ní kí a fi kílógíráàmù ṣúgà kan kún un, nítorí pé ṣúgà kò wọ́n. Ṣúgà yìí ń di ọtí àti afẹ́fẹ́ pátápátá láìfi ara tàbí adùn kankan sílẹ̀, nítorí náà bíà náà a máa fúyẹ́. Àwọn tí wọ́n bá ra agolo méjì dípò ṣúgà rí i pé bíà wọn yàtọ̀ gidigidi.