Ogun Olómiró

Ogun Olómiró jẹ́ ogun abẹ́lé tí ó wáyé ní ìlú Èkó ní oṣù Keje ọdún 1845, láàárín Ọba Akítóyè àti Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ogun omi oníyọ̀. Akítóyè pàdánù ìtẹ́, Kòsọ́kọ́ sì jọba. Ìjà inú ẹbí kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣí ọ̀nà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti gba àkóso Èkó.

Orísun ìjà

Òṣìnlókùn, Adélé àti Akítóyè jẹ́ ọmọ Ọba Ológun Kútere; Òṣìnlókùn sì ni ó bí Kòsọ́kọ́. Àwọn afọbajẹ ni ó máa ń yan ọba láàárín àwọn ọmọ oyè, nítorí náà ẹni tí ó bá bá wọn ṣe ọ̀tá ti fi ìtẹ́ ṣeré. Ẹlẹ́tù Òdìbò ni ó lágbára jù nínú wọn. Kòsọ́kọ́ gba àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fẹ́, Ẹlẹ́tù kò sì dárí jì í.

Nígbà tí Ọba Adélé wàjà ní ọdún 1837, Olúwọlé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi jọba. Wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kan Ọpọ́ Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́, ọba sì lé e kúrò nílùú. Kòsọ́kọ́ dìtẹ̀, wọ́n sì pe ìdìtẹ̀ náà ní Ogun Ewé Kókò. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ó sì sá lọ sí ìgbèkùn. Lẹ́yìn èyí, Ẹlẹ́tù Òdìbò mú kí wọ́n hú òkú ìyá rẹ̀, kí wọ́n sì jù ú sínú ọ̀sà.

Ìpadàbọ̀ Kòsọ́kọ́

Ní ọdún 1841, ààrá sán sí ààfin, iná ran ẹ̀tù ìbọn tí ó wà níbẹ̀, Olúwọlé sì kú. Akítóyè gorí ìtẹ́. Ó fẹ́ parí ìjà ẹbí, nítorí náà ó ránṣẹ́ pe Kòsọ́kọ́ padà sílé, ó sì fi í joyè Ọlọ́jà Ẹrẹ́kọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹlẹ́tù kìlọ̀ fún un. Ẹlẹ́tù bínú lọ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí ọba pe òun náà padà, Kòsọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, ogun sì bẹ́.

Bí ogun ṣe lọ

Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ sàga ti ààfin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, fi ọ̀nà sílẹ̀ fún Akítóyè láti gba orí ọ̀sà sá lọ. Ó dé Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó lọ sí Àgbádárìgì. Ọwọ́ tẹ Ẹlẹ́tù Òdìbò. Kòsọ́kọ́ tì í mọ́ inú àgbá, ó sì jù ú sínú ọ̀sà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀san òkú ìyá rẹ̀.

Àbájáde

Ní Àgbádárìgì, Akítóyè bẹ John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fún ìrànlọ́wọ́, ó sì ṣèlérí pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Títí di òní, àwọn òpìtàn ń jiyàn lórí bóyá òwò ẹrú ni ó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá tàbí ìfẹ́ láti jọba lórí ọjà Èkó.

Ìkọlù wọn àkọ́kọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851 kùnà. Wọ́n padà wá ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 28, Kòsọ́kọ́ ti sá. Àwọn ará Èkó pe ìjà yìí ní Ogun Àgídìngbì, nítorí ìró ìbọn àgbá. Akítóyè padà sórí ìtẹ́, ó sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 1852. Ó wàjà ní ọdún 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, wọ́n mú Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tí ó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.

Kòsọ́kọ́, tí ó ti tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, padà sí Èkó ní ọdún 1862, ó sì kú ní ọdún 1872. Nígbà tí ó dé, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣàkóso ìlú. Agbára tí òun àti Akítóyè torí rẹ̀ jagun kò sí lọ́wọ́ ọmọ Ológun Kútere kankan mọ́.