Láti Ara Àgbébọ̀ Adìyẹ dé Ìfun Ńlá Ènìyàn

Ní 1909, àgbẹ̀ kan gbé àgbébọ̀ adìyẹ tó ní kókó láyà lọ bá Peyton Rous ní Rockefeller Institute, New York. Rous lọ kókó náà, ó sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì títí kò fi ku sẹ́ẹ̀lì kankan nínú omi rẹ̀, ó wá fi omi yẹn gún adìyẹ mìíràn lábẹ́rẹ́. Jẹjẹrẹ mú ìyẹn náà. Ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1911, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò kà á sí. Ta ló ń wá jẹjẹrẹ ènìyàn lára adìyẹ? Nígbà tí wọ́n máa fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1966, ẹni ọdún 87 ni.

Ní 1978 ló tó hàn pé Src, purotéènì tí fáírọ́ọ̀sì adìyẹ yẹn ń lò, máa ń lẹ fọ́sífétì mọ́ purotéènì mìíràn lára. Krebs àti Fischer ti ṣàlàyé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 1955: bí sẹ́ẹ̀lì bá lẹ fọ́sífétì mọ́ purotéènì, iṣẹ́ rẹ̀ lè yí padà; bó bá yọ ọ́, ó lè padà sí bó ṣe wà. Àmọ́ ojú ibo gan-an ni fọ́sífétì yìí ń lẹ̀ mọ́? Serine àti threonine nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ní 1979, Tony Hunter ní Salk Institute, California, ń fi iná mọ̀nàmọ́ná ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. Kò po omi kẹ́míkà tuntun. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ ló lò. Omi náà ti kan díẹ̀ jù: pH rẹ̀ di 1.7 dípò 1.9. Ká ní tuntun ló lò ni, tyrosine àti threonine ì bá dúró sójú kan náà. Omi kíkan yẹn ló yà wọ́n. Bí wọ́n ṣe rí i pé tyrosine náà ń gba fọ́sífétì nìyẹn, kò sì pẹ́ tó fi hàn pé òun gan-an ni Src ń wá.

Kí ló kan ìfun? Cadherin, tí Masatoshi Takeichi ṣàwárí ní Kyoto, ló ń jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì dì mọ́ra. (Mo fẹ́ "dì mọ́ra" ju "lẹ̀ mọ́ra" lọ níbí. Gọ́ọ̀mù ló ń lẹ̀. Ti sẹ́ẹ̀lì méjèèjì ló jọ ń di ara wọn mú.) Ní 1987, Bolen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé Src ń ṣiṣẹ́ nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá ju nínú ìfun tó dá ṣáṣá lọ. Ní 1993, Behrens àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jí Src dìde nínú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ajá: cadherin àti beta-catenin tó ń bá a ṣiṣẹ́ gba fọ́sífétì lójú tyrosine, àwọn sẹ́ẹ̀lì sì túra ká, wọ́n ń wọ ibi tí kì í ṣe tiwọn. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ló ń gbé jẹjẹrẹ ìfun dé ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń pani jù.

Dasatinib, tó ń dá Src dúró, ti wà fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ láti 2006. Ti ìfun ńlá kò tíì rí irú rẹ̀ gbà.