Ìwé-àṣẹ Iṣẹ́ Lífítì ní Amẹ́ríkà: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí àti Ọ̀dọ́ Mọ̀

Iṣẹ́ lífítì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gogoro, wà lára iṣẹ́ ọwọ́ tó lówó lórí jùlọ ní Amẹ́ríkà. Ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ fún ọdún 2023 fi hàn pé ìdajì àwọn mẹkáníìkì lífítì ló ń gbà ju 102,000 dọ́là lọ lọ́dún. Fún àwọn òbí tó ní ọmọ lọ́hùn-ún, a fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ iṣẹ́ náà, nítorí kì í ṣe owó nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ta ló ń fúnni láṣẹ?

Ìjọba àpapọ̀ kọ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn gbé e ka ìlànà ààbò kan náà tí wọ́n ń pè ní ASME A17.1. Ní Illinois, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná àti panápaná ló ń fúnni ní ìwé-àṣẹ. Ní California, ẹ̀ka tó ń mójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Wọ́n ń bèèrè ẹ̀rí iṣẹ́ ọdún 3 àti ìdánwò, tàbí ẹ̀rí pé èèyàn ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní Texas ẹ̀wẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń gba iṣẹ́ lífítì ni ìjọba ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe mẹkáníìkì fúnra rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ New York, pẹ̀lú gbogbo ilé gogoro rẹ̀, kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, lífítì ilé kan ní Manhattan ṣàdédé sọ̀ kalẹ̀ bí ọkùnrin kan ṣe ń jáde nínú rẹ̀, ó sì pa á. Àwọn aṣòfin ti fọwọ́ sí àbá òfin ìwé-àṣẹ ṣáájú ìgbà náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni gómìnà tó buwọ́ lù ú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ?

Ìwé ẹ̀rí girama ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdún 4: nǹkan bíi wákàtí 2,000 lẹ́nu iṣẹ́ àti wákàtí 144 nínú kíláàsì lọ́dọọdún. Kò dà bíi tilé, níbi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń sanwó fún ọ̀gá kó tó gba òmìnira; lọ́hùn-ún, owó oṣù ni wọ́n ń san fún ọmọ iṣẹ́.

Ohun tó yẹ kí á ṣọ́

Ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀ kan kì í ṣe ìwé ìrìnnà sí òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ síbòmíràn, kó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ bóyá wọn yóò gba èyí tó ní lọ́wọ́. Kó tọ́jú ìwé ẹ̀rí gbogbo ibi tó ti ṣiṣẹ́, kó sì rántí ọjọ́ tí ìwé-àṣẹ rẹ̀ yóò parí.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé-àṣẹ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, kí ó má sì yá ẹlòmíràn ní tirẹ̀. Ìtànjẹ ni. Ẹni tó wọ lífítì kò rí ẹni tó tún un ṣe. Ó kàn gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ni. Àmáánà ńlá nìyẹn.