Òórùn Dídùn Lójú Ọ̀nà Àwọn Súfì: Àníyàn Ló Ń Sọ Ọ́ Di Ìjọ́sìn

  

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́ wa yìí. Bí èèyàn bá gba Ìkòtún kọjá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, tàbí tó yà sí Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò, kò ní pẹ́ rí ẹni tó to ìgò lọ́fíńdà kéékèèké sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí: mísíkì, ánbárì, ùúdù, Bíńtù, pẹ̀lú tùràrí nínú ọ̀rá. Àwọn kan ń sọ pé àdádáálẹ̀ ni kí á máa sun tùràrí níbi sìkírì. Àwọn mìíràn ní rárá, láìsí òórùn dídùn wírìdì kò lè gòkè. Àwọn kẹta wá ní tiwọn: wọ́n ní lọ́fíńdà kan ń bẹ tí ń pe oríire wálé. Bí a bá dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ yìí, owó àti ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ wa ni yóò bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí a tọ ìtàn náà láti orísun.

Hádíìsì tí Nasai gbà wá láti ọ̀dọ̀ Anas jẹ́ kí a mọ̀ pé òórùn dídùn wà lára ohun ayé tí Ọlọ́hun mú kí Ànábì fẹ́ràn. Bukhari náà gbà á wá pé bí wọ́n bá fi lọ́fíńdà ta á lọ́rẹ, kì í kọ̀ ọ́. Ó ní kí á wẹ̀ fún Jímọ̀ọ̀, kí á sì fi òórùn dídùn para. Ó ní kí ẹni tó jẹ aáyù tàbí àlùbọ́sà tútù jìnnà sí mọ́ṣáláṣí, nítorí ohun tó ń ni ọmọ èèyàn lára ń ni àwọn mọlááíkà lára. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ìtura ẹnìkejì ló ń sọ níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Fún àwọn ìyá wa, ó ní kí wọ́n má fi lọ́fíńdà sára bí wọ́n bá ń bọ̀ ní mọ́ṣáláṣí.

Lẹ́yìn rẹ̀, ní Mẹ̀dínà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Nu'aym. Al-Mujmir ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ń sun tùràrí, nítorí iṣẹ́ sísun tùràrí nínú mọ́ṣáláṣí Ànábì tí wọ́n mọ ìdílé wọn mọ́. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn tí Ìmáàmù Mọ́líìkì gba hádíìsì lọ́dọ̀ wọn sínú ìwé Muwatta rẹ̀. Mọ́líìkì yìí kan náà ni àwa ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní tùràrí nínú mọ́ṣáláṣí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá, kò tíì wo ẹ̀yìn dáadáa.

Níbo wá ni àwọn ohun olóòórùn wọ̀nyí ti ń wá? Mísíkì gidi, lára ẹranko kan tó jọ ẹtu lórí òkè Éṣíà ni wọ́n ti ń mú un. Ánbárì, inú àbùùbùtán ló ti ń jáde sí òkun. Ùúdù, igi kan ni nílẹ̀ Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ tó wà lápá ìlà-oòrùn rẹ̀. Ìgbà tí àrùn bá wọ inú igi náà ló tó ń mú oje olóòórùn jáde. Lùbáánì, oje igi Oman àti Sòmálíà ni. Ní Bàgídáádì, ní nǹkan bí 1,150 ọdún sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé al-Kindi kọ ìwé kan lórí bí a ṣe ń pò lọ́fíńdà àti bí a ṣe ń fi iná fa omi òdòdó, ìlànà inú rẹ̀ sì lé ní 100.

Àwọn Súfì kò jìnnà sí iṣẹ́ yìí. Fariduddin Attar ará Nishapur, tó kọ ìwé nípa àwọn ẹyẹ tó ń wá ọba wọn ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, orúkọ iṣẹ́ ló ń jẹ́: Attar ni ẹni tí ń ta lọ́fíńdà àti egbòogi. Ṣùgbọ́n Ìmáàmù al-Ghazali, tó kú lọ́dún 1111, ló la ọ̀rọ̀ náà yé wa jù. Nínú ìwé Ihya rẹ̀, nígbà tó ń ṣàlàyé àníyàn, lọ́fíńdà ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ẹni tó fi í para láti fi ṣe fáàrí, tàbí láti fi fa ojú obìnrin tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ló fi í rà. Ẹni tó fi í para nítorí súnnà, nítorí ọ̀wọ̀ mọ́ṣáláṣí, kí ara lè tu ẹni tó jókòó tì í, kí ẹnikẹ́ni má sì fi òórùn ara rẹ̀ ṣe òfófó, ẹ̀san ni yóò gbà. Ìgò kan náà, òróró kan náà. Àníyàn ló yà wọ́n.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Orúkọ rẹ̀ ń sọ ọ̀nà tó gbà wá. Turare ni àwọn Hausa ń pè é, àwa ń pè é ní tùràrí. Ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lẹ́nu débi pé nínú Bíbélì Yorùbá pàápàá, tùràrí ni wọ́n lò. Bíńtù ní tirẹ̀, Bint el Sudan, ìyẹn ọmọbìnrin Sudan, ilé iṣẹ́ W. J. Bush ti Lọ́ńdọ̀nù ló ṣe é ní nǹkan bí 1920 fún àwọn oníṣòwò Khartoum. Òróró ni, kò ní ọtí nínú, ìdí nìyẹn tí àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Àwọn tàrìkà náà gba ọ̀nà yẹn wá. Kádíríyà ni Ṣéù Usman dan Fodio, ọmọ ẹ̀yìn Abdulkadir Jilani tó kú sí Bàgídáádì lọ́dún 1166. Tìjáníyà, ti Ṣéù Ahmad Tijani tó kú sí Fez lọ́dún 1815, túbọ̀ gbilẹ̀ lẹ́yìn tí Ṣéù Ibrahim Niasse ará Kaolack wá sí Kano lọ́dún 1937. Àwọn ará Ìlọrin, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti àwọn Hausa tó wá bá àwọn Àwórì gbé ní Alímọ̀ṣọ́ kó wírìdì wọn dání wá. Bí wọ́n bá fẹ́ ka wàsífà, wọn a tẹ́ aṣọ funfun sí àárín, ẹlòmíràn a sì fi lọ́fíńdà sí i, nítorí wọ́n gbà pé Ànábì ń wà níbẹ̀ bí wọ́n bá ti ń ka Jawharatul Kamal. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní májẹ̀mú rẹ̀. Wọn a ní àlúwàlá olómi, wọn a ní ara mímọ́, aṣọ mímọ́, ilẹ̀ mímọ́. Lọ́fíńdà kò sí nínú májẹ̀mú. Ọ̀ṣọ́ àti ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ láti fi rà á, wírìdì rẹ̀ pé.

Nítorí náà, ẹni tó ní kí o mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà wá fún lọ́fíńdà tí yóò pe oníbàárà, tàbí tùràrí tí yóò kó àlùjànnú sìn ọ́, kò rí i kà nínú ìwé Súfì kankan tí a bọ̀wọ̀ fún. Ẹbọ ló ń tà, ó kàn fi orúkọ Ọlọ́hun wé e ni. Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Lọ́fíńdà tó ń ta sánsán kọ́ ni ìbẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ẹ ṣọ́ra fún káńfọ̀ roboto funfun náà. Oje igi ni káfúrà tí Ànábì ní kí wọ́n fi sí omi tí wọ́n fi wẹ òkú ọmọ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ lọ́jà wa, naphthalene ni, oògùn kòkòrò ni. Ẹ má fi í sáàárín aṣọ ìkókó, ó lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn jẹ́.

Ní ti ààwẹ̀ wa, ìlànà Mọ́líìkì ni pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fa èéfín tùràrí símú títí tó fi dé ọ̀fun, ààwẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, yóò san án padà. Òórùn lọ́fíńdà lásán kò bà á jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ ẹ lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí ó di ẹ̀yìn ìṣínu, kí ẹ tó sun tùràrí fún àṣámù, kí ẹ sì ṣí fèrèsé nítorí àwọn tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu.

Kí Ọlọ́hun tún àníyàn wa ṣe, kí Ó gba ààwẹ̀ àti ìrun wa, kí Ó jẹ́ kí ìwà wa dùn ju òórùn ara wa lọ. Àmín. Wa salaamu alaykum wa rahmatullahi wa barakaatuhu.